Ẹnu Tí Kò Lè Rún, Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Gba Ṣúgà

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín mẹ́rin lẹ́nu ìyá mi ni mo tó mọ̀ pé oúnjẹ tó rọ̀ lè ṣe alátọ̀gbẹ ní jàǹbá. Erìgì wọn ṣì wú. Wọn kò lè fẹnu kan ẹran, iṣu sísè gan-an ń gún wọn lérìgì. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ló ń gbé ògì dání: aládùúgbò gbé e wá, àwọn ìyá ìjọ gbé e wá, àbúrò wọn tó ti Ìjẹ̀bú wá náà gbé e wá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, tó ṣì ń kán tótó nínú ọ̀rá. Ìfẹ́ ló ń gbé ògì rìn bẹ́ẹ̀, torí nílẹ̀ wa, bí a bá ti gbọ́ pé ara ẹnì kan kò dá, ògì ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń wá. Kí ìyá mi tó mu abọ́ kan láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn. 121 mg/dL ni ẹ̀rọ kọ. Wọ́n mu ògì náà pẹ̀lú mílíìkì àti hóró ṣúgà méjì. Lẹ́yìn wákàtí méjì mo tún wọ̀n ọ́n, ó ti di 263. Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ògì lásán ni mo mà mu o.”

“Ògì lásán” yẹn ni mo fẹ́ tú ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń tọ́jú bàbá tàbí ìyá tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹnu wọn kò sì gba oúnjẹ líle mọ́. Ohun tí mo ti rí láti ọjọ́ yẹn ni pé kì í ṣe gbogbo rírọ̀ ló jọra. Oúnjẹ kan lè rọ̀ nítorí pé a ti sẹ́ ara rẹ̀ dànù. Òmíràn lè rọ̀ kí gbogbo ara rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lẹ́nu, bákan náà ni wọ́n ṣe ń yọ̀ lọ sọ́fun. Tó bá wá kan ẹ̀jẹ̀, wọ́n jìnnà síra gan-an. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, ohun tí àwọn dókítà ń fẹ́ ni kí ṣúgà wà láàárín 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kó má sì kọjá 180 lẹ́yìn oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń dẹ ìwọ̀n yìí fún arúgbó tí ara rẹ̀ kò le mọ́. 263 kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń ká eyín kúrò lẹ́nu alátọ̀gbẹ. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á pọ̀ nínú itọ́ náà, àwọn kòkòrò ẹnu á sì rí oúnjẹ. Ara tó yẹ kó bá wọn jà kò ní lágbára tó. Erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá ń fọ ẹnu, egungun tó di eyín mú á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, títí eyín yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹnu á tún máa gbẹ. Èyí tó ń dun èmi jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà ń yí po: erìgì tó ń ṣàìsàn máa ń mú kí ṣúgà fúnra rẹ̀ ṣòro láti kápá. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ dókítà eyín wà lára ibi tó yẹ kí alátọ̀gbẹ máa lọ kí eyín tó mì rárá. Ọ̀nà mìíràn tí ẹnu fi ń kọ oúnjẹ líle ni àrùn rọpárọsẹ̀, tí àtọ̀gbẹ máa ń ṣílẹ̀kùn fún. Àwọn kan sì wà tí àtọ̀gbẹ ti ba àwọn iṣan tó ń darí ikùn wọn jẹ́, tí oúnjẹ ń pẹ́ níkùn ju bó ti yẹ lọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́sọ́nà dókítà lọ́tọ̀, torí fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ìfun kì í lè fọ́, tí mo máa yìn síwájú sí i nínú àròkọ yìí lè má bá ikùn wọn mu.

Ká padà sídìí ògì. A ó rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí á fi kan. A ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á bá wa lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kan sísẹ́: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ta sẹ́nu ìkòkò, omi tí à ń bù lé e, ọwọ́ tó ń rò ó yí ká. Ohun tó gba inú aṣọ kọjá ni ògì. Ohun tó kù sórí aṣọ ni eèrí, òun la sì ń dà fún ẹran ọ̀sìn. Inú eèrí yẹn ni èèpo àgbàdo wà, àti púpọ̀ nínú ojú rẹ̀ tó ní ọ̀rá àti pùrótéènì. Ewúrẹ́ ló ń jẹ fáíbà nílé wa, aláìsàn ló ń mu sítáàṣì. Bí a bá wá da omi híhó lé sítáàṣì náà, yóò mu omi, yóò wú, yóò sì bẹ́, débi pé kò ní ku iṣẹ́ púpọ̀ fún ìfun láti ṣe lórí rẹ̀. Eyín ni ọlọ àkọ́kọ́ tí Ọlọ́run fún ènìyàn. Ògì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá: wọ́n ti bá a lọ̀ ọ́ tán, wọ́n ti bá a sẹ́ ẹ tán, wọ́n ti bá a sè é tán. Ẹni tó bá mu ún ń mu ṣúgà tí kò tíì dùn lẹ́nu ni. Kọ́sítáàdì náà kò yàtọ̀, nítorí sítáàṣì àgbàdo tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ni. Búrẹ́dì funfun tí à ń rì bọ tíì kò sì jìnnà sí wọn.

Ní ọdún 1977, àwọn olùwádìí kan ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, tí mo fẹ́ràn nítorí bó ṣe rọrùn láti yé ni. Wọ́n fún ènìyàn mẹ́wàá tí ara wọn dá ní ápù lọ́nà mẹ́ta: odidi, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná, àti omi rẹ̀ nìkan. Ìwọ̀n ṣúgà kan náà ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lè mu omi ápù yẹn ní ìlọ́po mọ́kànlá ìyára tí wọ́n fi ń jẹ odidi. Kò yó wọn bí odidi ṣe yó wọn. Ínsúlínì, èròjà ara tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tí ara wọn tú jáde lẹ́yìn omi ápù àti lẹ́yìn èyí tí a lọ̀ pọ̀ ju ti odidi lọ. Ara tó dá ní ínsúlínì àfikún yẹn láti tú síta. Alátọ̀gbẹ ò ní in, tàbí kó ní in kí ara rẹ̀ má sì kọbi ara sí i. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn 1981, David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ń fi bí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára gbé ṣúgà sókè wéra. Oúnjẹ 62 ni wọ́n wọ̀n. Nínú gbogbo ọ̀wọ́ oúnjẹ tí wọ́n tò, ọ̀wọ́ ẹ̀wà gbígbẹ ló kẹ́yìn pátápátá.

Ẹ̀wà! Ohun tó wà nínú àpò ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná wa látọjọ́ yìí.

Nítorí náà, mọ́ínmọ́ín ni mo kọ́kọ́ sá bá fún ìyá mi. Ẹ̀wà olóyin ni mo máa ń lò. Kí orúkọ rẹ̀ má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, kò sí oyin nínú rẹ̀. Mo ń rẹ ẹ́ sómi díẹ̀, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rún un títí èèpo á fi máa léfòó, mo sì ń da èèpo náà kúrò. Òótọ́ ni pé èèpo yìí náà ní fáíbà. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá gbà á lè fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín náà á kàn dúdú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ bó o tán, ẹ̀wà kò dà bí àgbàdo tí a sẹ́. Pùrótéènì rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀wà gbígbẹ, sítáàṣì tirẹ̀ pàápàá sì máa ń lọ́ra láti yọ́.

Ìgbà tí a bá ń lọ̀ ọ́ ló yẹ ká ti ro ti ẹnu tí kò ní eyín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń lọ̀ ọ́, títí n ó fi fi ìka méjì pa á wò tí n kò ní gbọ́ hóró kankan lábẹ́ ìka. Tàtàṣé tí mo ti gbọn kóró rẹ̀ dànù àti àlùbọ́sà ni mo ń lọ̀ mọ́ ọn. N kì í fi ata rodo sí i títí erìgì á fi jinná, torí ata máa ń ta ojú egbò. Mo ń bu omi mọ́ ọn ju ti mọ́ínmọ́ín àríyá lọ, débi pé á máa ṣàn lórí ṣíbí, ṣùgbọ́n á ki díẹ̀. Mo ń pò ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ẹyin tútù kan tàbí méjì ni mo ń fọ́ sí i, n kì í gé ẹyin sísè wẹ́wẹ́ sí i, nítorí ẹni tí kò ní eyín á kàn máa yí i kiri ẹnu ni. Ẹja títù tí mo bá sè, mo máa ń ya á, mo sì ń fi ìka wá egungun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dà á sí i. Ṣíbí òróró kan tó. Iyọ̀ àti èròjà amọ́bẹ̀dùn kò gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ fẹ́ràn láti jọ gbé nínú ara kan. Bí ó bá jinná, tí mo bá tú ewé rẹ̀, tí mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́, tó wọlé láìjà, tó sì ń gbọ̀n jìgìjìgì, mo mọ̀ pé ìyá mi á lè fi ahọ́n nìkan jẹ ẹ́.

Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ní ìtàn tirẹ̀. Èso pupa tí ewéko náà ń so ní pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì, àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ lókè òkun sì ń lò ó láti mú nǹkan dùn láìlo ṣúgà. Adùn yẹn kò sí nínú ewé, àmọ́ n kì í fọ ewé náà kí n má rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín ni gbẹ̀gìrì, tí mo kà sí ọ̀kan nínú oúnjẹ tó gbọ́n jù lọ tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀wà tí a bó, tí a sè títí ó fi túká, tí a fi ìjábẹ̀ nà títí ó fi dán: kò sí nǹkan tí eyín fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ará Ìbàdàn á bu gbẹ̀gìrì àti ewédú lé àmàlà, á da ọbẹ̀ ata sí i, á pè é ní abúlà. Alátọ̀gbẹ lè jẹ abúlà, ṣùgbọ́n kí ó yí i po. Kí gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja jẹ́ oúnjẹ gan-an, kí àmàlà wá jẹ́ ohun tí a fi ń tọ́ wọn wò, kó má ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Ó tún ṣàǹfààní kí ó kọ́kọ́ fi ṣíbí jẹ nínú ọbẹ̀ àti ẹja kí òkèlè àkọ́kọ́ tó wọlé. Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí ẹ̀fọ́ àti pùrótéènì bá ṣáájú wọ ikùn, ṣúgà tí oúnjẹ afúnnilókun ń gbé sókè lẹ́yìn wọn máa ń kéré sí i. Ẹ̀yin tó ń se ewédú, ẹ rọra ṣe pẹ̀lú káún. Ó ń mú un rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹbí iyọ̀ ni, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò nílò rẹ̀. Ìjábẹ̀ àti iná tó tó á ṣe iṣẹ́ náà.

Ilá tí a rẹ́ wẹ́wẹ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre tí a gé kúnná tí a sì sè rọ̀, ẹ̀gúsí tí a lọ̀ dáadáa: gbogbo wọn ló ń kọjá láìsí wàhálà. Ẹja àrọ̀ wúlò gan-an fún aláìléyín, torí egungun wẹ́wẹ́ kò pọ̀ nínú rẹ̀. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà nínú igbá rọ̀, pùrótéènì rẹ̀ sì dára. Kí a sè é nínú ọbẹ̀ ló dára, kì í ṣe kí a dín in. Nínú èso, píà ni mo fi ṣe ààyò. Ṣíbí la fi ń há a jẹ, ṣúgà inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìbẹ́pẹ rọ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n ègé kékeré ni ká fi mọ. Omi ọsàn ni kí a fi sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á béèrè ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Káàkiri ọjà ni wọ́n ti ń ta èlùbọ́ rẹ̀ fún alátọ̀gbẹ bí ẹni ń ta oògùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n sàn ju èyí tó pọ́n lọ lóòótọ́, nítorí ṣúgà rẹ̀ kò tíì jáde, púpọ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ sì máa ń ṣòro fún ìfun láti fọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tó wà ní tútù nìyẹn. Bí a bá ti sá a, tí a lọ̀ ọ́ di èlùbọ́ tó kúnná, tí a rò ó lórí iná, púpọ̀ nínú agídí tó wà lára sítáàṣì náà ti bọ́. Òkèlè ńlá mẹ́ta rẹ̀ á gbé ṣúgà sókè bí òkèlè yòówù. Ó ká mi lára pé àwọn ènìyàn ń jẹ ẹ́ láìwọ̀n nítorí orúkọ tó ní. Ìwọ̀n ìkúùkù kan náà ni tirẹ̀.

Kò sì pọn dandan ká lé ògì jáde nílé. Ìyá mi kò lè gbà, èmi náà ò sì bẹ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a yí i padà. A mú ọkà bàbà, a lọ̀ ọ́ kúnná lẹ́ẹ̀mejì, a kò sẹ́ ẹ, gbogbo eèrí rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó dúdú, ó sì há díẹ̀ lọ́fun lọ́jọ́ àkọ́kọ́; a fi àkókò kún sísè rẹ̀, ó wá jọ̀lọ̀. A po ìyẹ̀fun sóyà mọ́ ọn. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun: ó ti pẹ́ tí FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì, ti ṣe ògì tí wọ́n po sóyà mọ́, kí àwọn ọmọdé lè rí pùrótéènì. Ife kékeré kan ni ìyá mi ń mu báyìí, lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín, láìsí hóró ṣúgà kankan. Oyin náà kò sí níbẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ kì í bi oyin pé igbó wo ló ti wá.

Ibì kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo kọjá. Ẹni tí ẹnu ń dùn lè máà jẹun rárá, kó sì ti lo oògùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ínsúlínì ló ń gún, tàbí oògùn oníhóró bíi glibenclamide ló ń lò, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, àwọn ará ilé á sì rò pé oorun tàbí ọjọ́ orí ni. Bí ẹ̀rọ bá kọ ohun tó kéré sí 70, ọjọ́ yẹn ni ṣúgà di oògùn: ẹ yọ́ hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi, kó mu ún, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu o. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì ti mọ̀ pé wọ́n máa yọ eyín, kí ẹ bi dókítà ṣáájú nípa bí oògùn á ṣe rí lọ́jọ́ tí oúnjẹ kò bá lọ.

Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ti kọ lù tún ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Bó bá ń wúkọ́ bó ṣe ń jẹun, bí omi bá ń pá a lórí lemọ́lemọ́, bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ rírọ̀ nìkan mọ́. Kí àwọn elétò ìlera yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Oúnjẹ tó ní omi àti hóró pọ̀ máa ń nira fún un ju èyí tó ki, tó sì dọ́gba lọ. Kó jókòó dáadáa nígbà tó bá ń jẹun, kó má sì dùbúlẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń rẹ̀, kí ó bi àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn bí ẹ̀wà àti ẹja tó lè jẹ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, torí tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí mo kọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi jẹ gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹja àrọ̀ àti àmàlà tí kò tó ìkúùkù wọn. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀rọ kọ 158. Wọ́n ní kí n tún un wọ̀n, mo tún un wọ̀n. Ibi tí a ti ń wò ó ni àbúrò wọn tún ti Ìjẹ̀bú wọlé dé. Kò gbé ògì dání mọ́. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó ló wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìdì ewé eéran sì wà lábíyá rẹ̀.